Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló ń sọ ẹgbẹ́ di agbésùnmọ̀mí?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 2024, àwọn ajìjàgbara Yorùbá Nation kan, tó fẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá dá dúró, gbé ìbọn wọ sẹkitéríàtì ìjọba Ọ̀yọ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn. Sunday Igboho àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Akintoye, àwọn gbajúmọ̀ ajìjàgbara Yorùbá Nation, ní àwọn ò lọ́wọ́ sí i.

Ṣé agbésùnmọ̀mí ni gbogbo ajìjàgbara? Rárá o!

Ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń fòntẹ̀ lu orúkọ yẹn. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà fún Biafra, ní 2017; ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Enugu ní ìyẹn kò bófin mu ní 2023; kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún fọwọ́ sí ìdájọ́ 2017 náà ní 2025.

Irú àríyànjiyàn yìí, bóyá ajìjàgbara tàbí agbésùnmọ̀mí ni ẹgbẹ́ kan, ló ti yí PKK, ẹgbẹ́ àwọn Kurd, ká ní Tọ́kì. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé tí kóòtù bá ti fòfin de ẹgbẹ́ kan, ọ̀daràn ni ọmọ ẹgbẹ́ náà, ì báà má gbé ìbọn.