Ṣúgà Àgbọn: Kí Ni Ká Máa Sọ fún Oníbàárà?

Ọ̀rọ̀ ṣúgà àgbọn tó ti wọ ọjà wa la fẹ́ bá ara wa sọ. Àwọn kan ń tà á, wọ́n ń sọ pé alátọ̀gbẹ lè máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Oníbàárà wa kan gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń dà á sínú ẹ̀kọ láàárọ̀ lálẹ́, ó sì pa oògùn tí dókítà fún un tì. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákú. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń tà. Ṣúgà yìí kò ti inú àgbọn tí à ń jẹ wá. Òdòdó igi àgbọn tí kò tíì là ni wọ́n ń gé lẹ́nu, omi dídùn á máa kán jáde, bí adẹ́mu ṣe ń ṣe. Wọ́n á sè é títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì pupa rúsúrúsú. Indonéṣíà àti Filipínì ni wọ́n ti ń ṣe é jù, kò yani lẹ́nu pé ó wọ́n.

Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 10, bíi 7 tàbí 8 nínú rẹ̀ ni ṣúgà kan náà tó wà nínú ṣúgà funfun. Lóòótọ́ ó ní èròjà aṣaralóore díẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó rí i gbà tó, á ti jẹ ṣúgà yó kẹ́ri. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó sàn kí àgbàlagbà má jẹ ju nǹkan bí ṣíbí tíì 6 lọ lóòjọ́. Ṣúgà àgbọn wà nínú 6 yẹn, oyin náà wà níbẹ̀.

Oyin dáa, àmọ́ ṣúgà ni. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan o, ó léwu gan-an. Ní tiwa, dàbínò la fẹ́ràn jù. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ ṣúgà, ṣùgbọ́n tòun tẹran ara rẹ̀ lèèyàn ń jẹ ẹ́, kì í tètè sáré wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ méjì mẹ́ta ni o, kì í ṣe odidi abọ́.

Àgbọn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ tà á, ẹ yìn ín! Ṣúgà inú rẹ̀ kéré, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Omi rẹ̀ dáa fún òùngbẹ. (Àwọn ìyá wa ní ó ń mú ọmọ gọ̀, wọn ò fẹ́ ká mu ún tán ni.) Àmọ́ kí ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú bi dókítà kó tó mu ún, ọmọ tó bá sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS ni kẹ́ ẹ fún un. Òróró àgbọn dára fún irun àti awọ ara. Ti jíjẹ ló lọ́rọ̀ nínú: ó lé ní ọ̀nà 8 nínú 10 ọ̀rá rẹ̀ tó jẹ́ irú èyí tí kò dáa fún ọkàn, epo pupa wa kò ju bí ìdajì lọ. Ẹni tó ní ó ń fọ iṣan ẹ̀jẹ̀, ọjà ló ń tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ṣúgà àgbọn, ẹ mú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. A gbọ́ pé àwọn kan ń fi ṣúgà funfun là á.