Nífò: Ohun Èlò Tó Ń Mú Èbúté Tẹ́jú

Ìlú Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà. Àwọn ènìyàn tún ń pè é ní Porto-Novo. Òun ni olú-ìlú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láti ọ̀sà yìí, ọkọ̀ lè gba ojú omi lọ dé adágún Nokoué, níbi tí Ganvié wà. Ní Ganvié, orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé sí láàárín omi. Ọkọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ sọ́jà. Ọkọ̀ náà ni àwọn ọmọdé ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ni à ń pè ní èbúté. Èbúté kan lè jẹ́ iyanrìn lásán. Òmíràn jẹ́ sìmẹ́ǹtì. Òmíràn sì jẹ́ pákó tí wọ́n kàn mọ́ orí òpó, tó na láti etí omi wọ inú omi. Èbúté onípákó ni ẹ̀kọ́ yìí ń sọ nípa rẹ̀, àti ohun èlò kékeré kan tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń mú un tẹ́jú.

Kí ló dé tí èbúté fi gbọ́dọ̀ tẹ́jú?

Ẹ jẹ́ kí á wo ìyá kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbé agbọ̀n ẹja lérí. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, pákó sì tutù. Bí èbúté bá tẹ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró dáadáa. Bí èbúté bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yọ̀. Bí ẹja bá dà sómi, ó dùn ún. Ṣùgbọ́n bí ìyá àti ọmọ bá ṣubú sómi, ẹ̀mí ló wà nínú ewu.

Ìdí kejì tún wà. Omi òjò máa ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀. Bí igun kan èbúté bá rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni omi àti ẹrẹ̀ á máa kó jọ sí. Ibẹ̀ ni pákó á ti kọ́kọ́ jẹrà.

Ìdí kẹta ni ẹrù. Bí èbúté bá fì, agbọ̀n àti àgbá á máa yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òpó ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni yóò máa ru ẹrù tó pọ̀ jù. Bí ó bá pẹ́, òpó náà á túbọ̀ rì sínú ẹrẹ̀.

Ojú nìkan kò tó

Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan lè wo pákó, kí ó sì wí pé: “Ọ̀gá, ó ti tẹ́jú.”

Ọ̀gá rẹ̀ á dá a lóhùn pé: “Gbé nífò lé e, kí á wò ó.”

Ọ̀gá kò bú u. Ó mọ̀ pé ojú lè tan ènìyàn, pàápàá létí omi. Ilẹ̀ etí omi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Afẹ́fẹ́ ń tẹ koríko. Ìgbì ń lọ sókè sódò. Ojú kò rí ohun tó dúró jẹ́ẹ́ tí yóò fi wé pákó.

Àṣìṣe kékeré sì lè di ńlá. Bí pákó bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ nínú mítà 1, ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n bí èbúté bá gùn tó mítà 10, tó sì ń rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìpẹ̀kun rẹ̀ á fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ fi rúlà yín wo bí sẹ̀ǹtímítà 10 ṣe ga tó!

Báwo ni nífò ṣe rí?

Ní èdè Faransé, wọ́n ń pè é ní niveau. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni “nífò” ti wá. Ó gùn bí rúlà ńlá, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Òmíràn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, òmíràn 60, òmíràn sì gùn tó mítà 1. Igi tàbí irin fúyẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọwọ́ kan tó láti gbé e.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà ní àárín rẹ̀. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ojú lè rí inú rẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ìyeyè wà nínú rẹ̀. Omi yìí kò kún tán. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ kù níbẹ̀, tó rí bí ẹyin alángbá. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni “ẹyin afẹ́fẹ́”. Ìlà méjì wà lára ìgò náà.

Omi inú nífò kì í sábà jẹ́ omi lásán. Irú ọtí kan ni, tí wọ́n pa láró. Kì í ṣe ọtí mímu o! Wọ́n yàn án nítorí pé ẹyin afẹ́fẹ́ ń tètè rìn nínú rẹ̀. Bákan náà, kì í tètè di yìnyín ní ilẹ̀ òtútù.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é?

Melchisédech Thévenot ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Ó ṣe ohun èlò yìí ní nǹkan bí ọdún 1661. Ó tún kọ ìwé kan nípa bí ènìyàn ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1696, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Kí ó tó dé, àwọn mọlémọlé ti ń lo okùn tí wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ nídìí. Okùn náà á ta dọin sísàlẹ̀, á sì fi ibi tó tọ́ hàn wọ́n. Títí di òní, wọ́n ṣì ń lo okùn yìí.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, omi máa ń wá ìsàlẹ̀, á sì ti afẹ́fẹ́ sókè. Ìgò inú nífò tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sókè. Bí nífò bá wà lórí ohun tó tẹ́jú, àárín ìgò ló ga jù. Ẹyin afẹ́fẹ́ á dúró ní àárín ìlà méjèèjì.

Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ga, ẹyin afẹ́fẹ́ á sá lọ sí ọ̀tún. Bí ọwọ́ òsì bá ga, á sá lọ sí òsì. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ibi tí ẹyin afẹ́fẹ́ bá sá lọ, ibẹ̀ ló ga.

Nífò púpọ̀ tún ní ìgò kejì. Ìyẹn wà fún ohun tó nàró, bí òpó àti ògiri.

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń lò ó létí omi

Odò Ouémé ń ṣàn wọ adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Nígbà tí odò yìí bá kún, omi á ga sókè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà sẹ́yìn. Ìgbà tí omi bá fà ni iṣẹ́ èbúté rọrùn jù.

Èkíní: Gbẹ́nàgbẹ́nà á rin òpó mọ́lẹ̀. Á gbé nífò sí ẹ̀gbẹ́ òpó náà, lẹ́yìn náà á gbé e síwájú rẹ̀. Bí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, òpó lè dúró ṣánṣán ní ibí, kí ó sì fì ní ọ̀hún.

Èkejì: Á wá àmì tí ìkún omi fi sílẹ̀ lára àwọn òpó àtijọ́ tàbí lára ògiri. Èbúté gbọ́dọ̀ ga ju àmì yìí lọ, kí omi má baà bò ó. Á wá fa ìlà sára òpó àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta: Á gbé ìlà yìí lọ sára àwọn òpó yòókù. Bí òpó bá jìnnà sí ara wọn, nífò kò ní lè kan méjèèjì. Nígbà náà, á mú pákó gígùn kan tó tọ́, á sì gbé nífò lé e lórí. Ó tún lè lo rọ́bà gígùn tí ojú lè rí inú rẹ̀. Wọ́n á rọ omi sínú rọ́bà náà, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ á di orí kan mú, ọ̀gá á di orí kejì mú. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ láàárín omi náà, tí orí méjèèjì sì ṣí sílẹ̀, omi á dúró ní gíga kan náà ní orí méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà náà lọ́ káàkiri.

Ẹ̀kẹrin: Á kan igi ìdábùú mọ́ àwọn òpó ní ojú ìlà náà, á sì tún gbé nífò lé wọn. Ibi tó bá ga, á gé e. Ibi tó bá rẹlẹ̀, á fi igi pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Á wá to pákó sórí igi ìdábùú. Á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín pákó àti pákó kí omi òjò lè jò lọ. Á gbé nífò sí òró, á tún gbé e sí ìbú.

Iṣẹ́ kò tíì parí pátápátá. Ẹrẹ̀ rọ̀, òpó sì lè rì díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ó dára kí wọ́n tún gbé nífò lé èbúté lẹ́yìn tí omi bá ti kún tó sì ti fà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”

Ǹjẹ́ nífò lè purọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá ti ṣubú tàbí tí ó ti wọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ máa ń dán nífò rẹ̀ wò. Á gbé e lé pákó kan, á sì wo ibi tí ẹyin afẹ́fẹ́ dúró sí. Lẹ́yìn náà, á yí nífò náà padà, kí orí rẹ̀ ọ̀tún di òsì, ní ojú ibì kan náà. Bí ẹyin afẹ́fẹ́ bá padà sí ìhà kan náà lórí pákó, tí kò sì yàtọ̀ rárá, nífò ń sọ òtítọ́. Bí ó bá lọ sí ibòmíràn, nífò náà ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fi í kan èbúté yóò kan èbúté tó fì láìmọ̀.

Nítorí náà, wọn kì í ju nífò sílẹ̀. Wọn kì í fi í lu ìṣó. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì fi í sínú àpótí.

Ẹ dán an wò

Ẹ mú ìgò omi kan tí ojú lè rí inú rẹ̀. Ẹ bu omi sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹ dé e pa. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹnì kan sì rọra dì í mú kí ó má baà yí. Ẹ fi ìwé kan sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì méjì tó wà ní ọ̀tún. Níbo ni ẹyin afẹ́fẹ́ sá lọ? Ẹ yọ ìwé náà kúrò kí ẹ tún wò ó. Ìgò yìí kò lè ṣe iṣẹ́ nífò gidi, nítorí ara rẹ̀ kò tọ́, ṣùgbọ́n yóò fi hàn yín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wá òkè.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Èbúté: ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀.
Fì: kí nǹkan tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Igi ìdábùú: igi tí wọ́n fi lélẹ̀ láti òpó kan dé èkejì.
Mọlémọlé: ẹni tó ń mọ ilé.

Ìbéèrè

1. Kí ni àwọn ìdí mẹ́ta tí èbúté fi gbọ́dọ̀ tẹ́jú?
2. Ẹyin afẹ́fẹ́ sá lọ sí òsì. Ẹ̀gbẹ́ wo ló ga?
3. Èbúté kan gùn tó mítà 8. Ó ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni ìpẹ̀kun rẹ̀ fi rẹlẹ̀?
4. Báwo ni gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń mọ̀ bí nífò rẹ̀ bá ń purọ́?
5. Àwọn wo ni wọ́n ń lo nífò ní àdúgbò yín? Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kí ẹ sì wá sọ ọ́ ní kíláàsì.