Àhunpọ̀ ìtàn nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín onírìn-àjò

Fíìmù apanilẹ́rìn-ín onírìn-àjò ni oríṣi sinimá tí olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ máa ń gbéra láti ìlú kan lọ sí òmíràn, tí ohun tó bá pàdé lójú ọ̀nà sì máa ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ ni bí òǹkọ̀wé ṣe so àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà pọ̀, tí ọ̀kan fi ń fa èkejì. Lára àwọn fíìmù Nàìjíríà tí a lè fi ṣàlàyé rẹ̀ ni Phone Swap (2012), tí Kúnlé Afọláyan darí. Ọmọ Ìgbómìnà ni Afọláyan. Agbámú, ìlú bàbá rẹ̀, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà sí Ìlọ́fà tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ, tàbí sí Ọ̀sí ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti ìpínlẹ̀ Kwara kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú fíìmù yìí kò ní àhunpọ̀ kan tó le: kí táyà jò, kí owó sọnù, kí ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró, ó tán. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọlọ́pàá ṣáájú, tí a fi táyà tẹ̀lé e, ìtàn kò ní wó. Èyí fi hàn pé àwọn wọ̀nyí kọ́ ni òpó tó gbé ilé ró.

Àlọ àti àbọ̀

Kí sinimá tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni òpó náà ti wà nínú àlọ́. Ìjàpá jí iṣu wà lóko àna rẹ̀. Àna mú un, ó sì dè é mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà kí tọmọdé tàgbà lè rí i. Àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n ní ohun tó tọ́ sí olè ni. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n bá a ní ìdè síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wá yí bírí: wọ́n ní ìkà ni àna, nítorí iṣu kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn sínú oòrùn. Ibẹ̀ ni òwe ti jáde pé àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ẹ̀bi àárọ̀ jẹ́ ti Ìjàpá, ẹ̀bi ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti àna.

Ìjàpá kò ṣe ohun tuntun kankan láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Kò tọrọ àforíjì, kò sì dá iṣu padà. Ojú tí àwọn èrò ọ̀nà fi ń wò ó ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fíìmù apanilẹ́rìn-ín onírìn-àjò ṣe ń ṣiṣẹ́: dídé ibi tí à ń lọ kọ́ ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó tóbi jù nínú rẹ̀, bí kò ṣe ìgbà tí ẹ̀bi kúrò lórí ẹnì kan tó bọ́ sórí ẹlòmíràn lójú òǹwòran. Níhìn-ín ni ó ti yàtọ̀ sí ìrìn àjò akọni. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, ọ̀tá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tó dí ọdẹ lọ́nà. Bí ó bá ti ṣẹ́gun rẹ̀, ó fi í sẹ́yìn nìyẹn. Nínú eré apanilẹ́rìn-ín, ohun tó ń dí arìnrìn-àjò lọ́nà jókòó tì í nínú ọkọ̀, tàbí kí ó wà nínú ìwà òun fúnra rẹ̀, kò sì sí bí ó ṣe lè fi í sẹ́yìn.

Phone Swap

Kẹ́mi Adésọyè ni ó kọ ìtàn Phone Swap. Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sì fi ya á. Ẹni tó bá wo bí ọ̀nà méjì ṣe dábùú ara wọn nínú rẹ̀ yóò mọ ìdí tí ìkọ̀wé fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mary (Nse Ikpe-Etim) jẹ́ aránṣọ ìgbàlódé, ọlọ́yàyà ènìyàn. Akin (Wálé Òjó) jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ńlá, agbéraga sì ni. Àwọn méjèèjì kọlu ara wọn ní pápákọ̀ òfuurufú tí èrò kún. Fóònù wọn jọra, olúkúlùkù sì mú ti ẹnì kejì lọ. Owerri ló yẹ kí Mary lọ nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀, Àbújá ló yẹ kí Akin lọ nítorí iṣẹ́. Fóònù tó ṣìnà ló gbé Akin lọ sí Owerri, tó sì gbé Mary lọ sí Àbújá. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n fẹnu kò pé kí oníkálukú bá ẹnì kejì jẹ́ iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Àṣìṣe tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kéré, kò sí ọ̀dàlẹ̀ kankan nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé yí padà kíákíá. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ló mú kí òǹwòran gbà á. Òǹwòran a máa dárí ji kòńgẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, àmọ́ bí irú rẹ̀ bá tún wáyé ní ìparí láti tú okùn tí òǹkọ̀wé kò rí tú, yóò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ọgbọ́n tó tún wà nínú rẹ̀ ni ìlò fóònù. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé ni ó ti di wàhálà fún àwọn òǹkọ̀wé eré, torí pé ìpè kan ṣoṣo lè parí aáwọ̀ tí wọ́n fi wákàtí méjì hun. Nínú Phone Swap, fóònù tó yẹ kó tú okùn ni ó ta á ní kókó. Òun náà ni ó sì dípò ọkọ̀. Àwọn arìnrìn-àjò méjì inú fíìmù bí èyí sábà máa ń há mọ́ ara wọn nínú mọ́tò kan. Mary àti Akin kò sí nínú mọ́tò kan náà, ọ̀nà wọn tilẹ̀ jìn sí ara wọn, síbẹ̀ ẹnì kan kò lè gbé ẹsẹ̀ kan láì sí ohùn ẹnì kejì. (Globacom àti BlackBerry wà lára àwọn tó bá wọn lọ́wọ́ sí fíìmù náà. Kò wọ́pọ̀ kí ọjà tí a ń polówó jẹ́ ohun tí ìtàn kò lè ṣe láìsí rẹ̀.)

Ibi tí mo rò pé àhunpọ̀ náà ti dára jù ni apá Owerri. Ipò Akin ni ohun ìjà rẹ̀. Ní ilé ẹbí tí kò sí ẹni tó mọ ipò náà, ohun ìjà ọ̀hún di igi lásán. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ewu sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá kan nínú agboolé Igbo: kò sí ohun tó rọrùn ju kí a máa fi bí onílé ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Fíìmù náà kò gba ọ̀nà yẹn, àwọn alárìíwísí sì yìn ín pé kò fi ẹ̀yà kankan ṣe yẹ̀yẹ́. Àlejò lójú, kò fi ń ríran. Àlejò náà ni a ń fi rẹ́rìn-ín. Chika Okpala, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Zebrudaya nínú eré The Masquerade orí tẹlifísàn, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti jẹ́ orísun ẹ̀rín, wà nínú fíìmù yìí, bàbá Mary sì ni ó ṣe. Bí ẹ̀rín bá ti bọ́ sórí onílé, ẹ̀bi kò ní rí ibi gbà padà sórí agbéraga tó wọlé wá, àbọ̀ kò sì ní sí mọ́.

Ìṣòro kan kù. Bí ìtàn bá ní ọ̀nà méjì, olùdarí gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná láti lọ wo èkejì. Ìfẹ́ tó ń hù láàárín Mary àti Akin ní láti gba ojú fóònù wọlé, àyè tó rí kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀.

Ìpinnu tó kẹ́yìn

Irú ìtàn yìí ti wà ní Amẹ́ríkà láti ìgbà It Happened One Night (1934). Àmọ́ èyí tó fi àlọ àti àbọ̀ hàn kedere jù ni Planes, Trains and Automobiles (1987), tí John Hughes kọ tó sì darí. Neal Page (Steve Martin) fẹ́ kúrò ní New York lọ bá ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Chicago kí ọdún Ìdúpẹ́ tó pé. Yìnyín mú kí ọkọ̀ òfuurufú wọn yà sí Wichita, ó sì di dandan kí ó máa bá Del Griffith (John Candy), aláròyé tó ń ta òrùka aṣọ títa, rìn. Ọkọ̀ ojú irin wọn bàjẹ́, mọ́tò tí wọ́n háyà jóná.

Ní òru àkọ́kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀bi ti yí. Neal bú Del bí ẹni láyin, a sì ti ń bá a rẹ́rìn-ín, nítorí Del ti yọ àwa náà lẹ́nu. Del wá dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé òun fẹ́ràn ara òun bí òun ṣe wà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu. Láti ìgbà náà, gbogbo jàǹbá tó kù ń dán Neal wò, kò dán Del wò mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Chicago, wọ́n dágbére fún ara wọn, ìrìn àjò sì parí. Bí fíìmù bá jẹ́ àkójọ jàǹbá lásán, ibẹ̀ ni ì bá dúró. Ṣùgbọ́n bí Neal ti ń lọ sílé, ó ń ro ọ̀rọ̀ Del padà, ó rí i pé nǹkan kan kò bára mu, ó sì padà sí ibùdókọ̀. Ó bá Del níbẹ̀ ní òun nìkan: ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sì ní ilé tó ń lọ. Kò sí táyà tó jò, kò sì sí yìnyín, tó fi agbára dá Neal padà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án. Bí àwọn ìdíwọ́ ìṣáájú ṣe jẹ́ ti èèṣì ni èyí tó kẹ́yìn ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìpinnu.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Moussa Touré ọmọ Senegal fi TGV (1998) mú ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Bọ́ọ̀sì tó ń ti Dakar lọ sí Conakry ni, orúkọ ọkọ̀ ojú irin asáré ti ilẹ̀ Faransé sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ibodè, ọ̀pọ̀ èrò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ni ìtàn bá lọ. Ìjà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, fíìmù náà kò sì fi ṣe ẹ̀rín. Iṣẹ́ aago ni ó ń ṣe.

Láti Èkó sí Ìlọ́fà

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ hun irú ìtàn yìí fún ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ọkùnrin kan ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìlọ́fà fún ìpàdé ẹbí tí wọn yóò ti pín ilẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ kọṣẹ́ ní Ìlọrin, ó sì wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìyá kan tí ẹrù rẹ̀ gba ìjókòó èèyàn méjì, tí ń lọ sí Ọ̀sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibùdókọ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ó dá lẹ́bi ní Ìlọrin àti ẹni tí a ó dá lẹ́bi ní Òmù-Àrán, lẹ́yìn náà kí ó wá ohun tí yóò yí i padà. Ó lè jẹ́ ẹrù yẹn. Bí a bá rò títí dé Àjàṣẹ́-Ìpo pé ọjà ni, tí a wá rí i pé aṣọ òkú ni, kò sí ẹni tí yóò tún rántí ìjókòó méjì.

Aago ìtàn náà ti wà nílẹ̀. Ẹni tó mọ àwọn ọ̀nà gúúsù Kwara lóde òní mọ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lórí wọn. Ní Òmù-Àrán, oníkálukú lè wọ ọkọ̀ ìlú tirẹ̀. Ọkọ̀ Ìlọ́fà ku èrò kan kó kún. Ti Ọ̀sí kò tíì ní ju ìyá yẹn àti ẹrù rẹ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ sì ti lẹ́. Fóònù ọkùnrin náà ń dún, àwọn ẹbí ń béèrè ibi tó dé.