Oríkèé àti Ipa Omi: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Àwòṣe Odò nínú Kọ̀ǹpútà

Odò kò ṣeé gbé wọ inú yàrá ìwádìí. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa omi máa ń ṣe ni pé wọ́n á ya àwòṣe rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì sọ gbogbo gígùn rẹ̀ di ohun méjì péré: àwọn ojú ibi tí nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ sí omi, àti àwọn ọ̀nà tí omi ń gbà láti ojú kan dé òmíràn. Báyìí ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Source ṣe ń ṣiṣẹ́. Àjọ eWater ni ó ṣe é ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n sì ń lò ó fún agbègbè odò Murray àti Darling níbẹ̀. Node ni èdè Gẹ̀ẹ́sì pe ohun àkọ́kọ́, link ni ó pe èkejì.

Fún node, ìkòríta ni ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn jù láti mú. Ó bá ibi tí odò méjì ti pàdé mu, ṣùgbọ́n kò kọjá ibẹ̀. Ìsédò, tí ará ìlú ń pè ní dáàmù, kì í ṣe ìkòríta. Ibi tí a ri ọ̀pá ìwọ̀n omi mọ́ kì í ṣe ìkòríta. Kókó náà kò yẹ tó, nítorí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un nínú èdè. Oríkèé ni ó tọ́. Bí oríkèé ti wà lára ìka ọwọ́, tí egungun sì wà láàárín oríkèé kan àti èkejì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwòṣe odò rí.

Bí a bá mú odò Ògùn ṣe àpẹẹrẹ, ìsédò Ìkéré ní agbègbè Ìsẹ́yìn jẹ́ oríkèé kan. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, tí ó lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì omi, jẹ́ oríkèé lórí odò Ọ̀yán tí í ṣe ẹ̀ka Ògùn. Ibi tí Ọ̀yán ti wọ inú Ògùn, lókè Abẹ́òkúta, jẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí a ti ń fa omi fún Abẹ́òkúta, àti ibi tí a ti ń fa ti Ìjú àti Àdìyàn fún Èkó. Ọ̀sà Èkó ni oríkèé ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, omi òkun a máa ti omi odò padà sẹ́yìn, irú àwòṣe mìíràn ni ó sì lè ṣe ìṣirò ìyẹn dáadáa.

Ìṣirò oríkèé kò le: omi tí ó wọlé gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó jáde dọ́gba, àfi bí a bá fi díẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ tàbí tí oòrùn fa díẹ̀ lọ. Ká ní 100 mítà kúbíìkì ń ti Ọ̀yán dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí 60 ń bọ̀ láti Ògùn, 160 ni yóò kúrò ní oríkèé ìpàdé wọn.

Lórí link ni àṣàyàn ọ̀rọ̀ ti lè ṣe ènìyàn ní ìjàm̀bá. Ìsopọ̀ kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn: bí a bá so Ọ̀yán pọ̀ mọ́ Ìṣẹ̀rí, a ti so Ìṣẹ̀rí pọ̀ mọ́ Ọ̀yán. Kò sì ní àkókò nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ìsopọ̀ kọ́ lè rò pé omi tí a tú sílẹ̀ ní ìsédò ti dé ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ń rìn ni. Bí ó sì ti ń rìn, ìkún rẹ̀ ń tẹ́, ó ń fẹ̀. Àkókò ìrìn yìí ni àwọn tí ilé wọn wà létí odò ní ìsàlẹ̀ fi lè kó ẹrù wọn kúrò, bí ẹnìkan bá tètè ṣe ìṣirò rẹ̀ tí ó sì kìlọ̀.

Nítorí náà, ipa omi ni ó sàn jù. Ipa ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó forí lé. Ó tún gba àwọn ẹ̀yà tí ètò náà ní: ipa omi tààrà, tí kò gba àkókò kankan nínú ìṣirò, ipa omi onídàádúró, tí omi ń pẹ́ lójú ọ̀nà rẹ̀, àti ipa omi agbomipamọ́, tí ó ń gba omi dúró díẹ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀.

Kí olùkọ́ má fi àmì ohùn ṣeré níhìn-ín. Ipá omi, tí ohùn òkè wà ní ìparí rẹ̀, ni agbára tí omi fi ń ti nǹkan, ọ̀rọ̀ náà yóò sì wúlò nínú ẹ̀kọ́ kan náà.