Àwòrán Ojú Pópó Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀kọ́ Ilé: Àwọn Ayàwòrán Àìlọ-Iléèwé Láàrin Ìkẹjà àti Agége

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí òbí ṣe lè fi iṣẹ́ ọnà ojú pópó kọ́ ọmọ nínú ilé, ní agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó lọ láti Ìkẹjà dé Agége. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí ọmọ tó lè rí iṣẹ́ ọnà, àfi kí a mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gba Agége Motor Road lọ sí iléèwé ti rí ọ̀pọ̀ àwòrán kó tó jókòó sí kíláàsì: oríṣiríṣi orí gígẹ̀ lára pátákó onígbàjámọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ lára ògiri aránṣọ, ọ̀rọ̀ ìwúrí lẹ́yìn dánfó. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé ó yẹ kó dúró wò wọ́n.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń pe irú àwọn ayàwòrán báyìí ní akọ́ra-ẹni. Orúkọ náà kò bá púpọ̀ nínú wọn mu. Ẹni tó ń kọ pátákó kì í sábà dá kọ́ iṣẹ́: ó ti ṣe ọmọ-iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ó ti fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó ti po ọ̀dà, kí wọ́n tó ṣe fírídọ̀mù fún un. Iléèwé gíga ni kò lọ, kì í ṣe pé kò ní olùkọ́. Nínú àpilẹ̀kọ tí Dámọ́lá Òṣínúlù gbé jáde nínú African Arts ní ọdún 2008, mólúè Èkó hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àjọṣe àwọn akunǹkan, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ lò. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní rò pé ẹ̀bùn lásán ló ń gbé iṣẹ́ jáde.

Ẹni tí orúkọ akọ́ra-ẹni bá mu gan-an ni Lemi Ghariokwu, tí a bí ní Èkó ní 1955. Kò lọ sí iléèwé iṣẹ́ ọnà kankan, síbẹ̀ òun ló ya páálí àwo orin 26 fún Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Àwòrán Bruce Lee kan tó yà, tí wọ́n gbé kọ́ sí ilé ọtí, ni akọ̀ròyìn kan rí tó fi mú un dé ọ̀dọ̀ Fẹlá. Nígbà tí Fẹlá fẹ́ sanwó àwòrán ara rẹ̀ tó yà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbà á. Ó ní ẹ̀bùn ni.

Àkọ́kọ́ nínú àwọn páálí náà, Alagbon Close ti 1974, wúlò púpọ̀ nínú ilé, nítorí pé a lè kà á bí ìtàn. Ẹ̀wọ̀n ti já lọ́wọ́ Fẹlá, ó ń jó. Ọgbà àtìmọ́lé ti fọ́. Ilé Kàlàkútà dúró digbí. Àbùùbùtán sì ti da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá nù. Kí òbí má tètè ṣàlàyé. Kí ó bi ọmọ pé: Ta ló ṣẹ́gun? Kí nìyẹn fi hàn ọ́? Ibo ni ẹja ti wọ inú ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti olórin? Ìbéèrè kẹta yìí ló níye lórí jù lójú tèmi, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń rí i pé ayàwòrán lè fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sọ òtítọ́. Kì í ṣe gbogbo páálí àwo Fẹlá ni a lè gbé fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ o. Kí òbí yẹ̀ wọ́n wò ṣáájú. Ilé tí Fẹlá gbé ní òpópónà Gbẹ̀mísọ́lá, ní Ìkẹjà, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 2012. Ará Agége kò nílò láti sọdá afárá kankan kó tó débẹ̀.

Pátákó tún jẹ́ ìwé ìkàwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ kì í fi àmì ohùn sí i, wọn kì í sì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Bí ọmọ bá rí OKO, ó lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ̀ tàbí ọkọ́. Táyà tí a yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé, kó fi àmì tó yẹ sí i, kó sì sọ ohun tó fà á tó fi mọ̀. Ní ilé tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹnu àwọn ọmọ, mo ka eré yìí sí ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá lọ.

Àwọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọ̀dà kò jìnnà sí wọn: Berger Paints wà ní Ọba Akran, CAP tó ń ṣe Dulux wà ní Adéníyì Jones, ní Ìkẹjà kan náà. Yorùbá ní pupa, funfun àti dúdú. Èyí tó kù, ara nǹkan la ti ń yá orúkọ fún un: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ eérú. Dánfó wá ń wọ àwọ̀ ìyeyè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń gùn ún lójoojúmọ́ kò rí èso ìyeyè rí.

Kí ọmọbìnrin má bàa rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni èyí, ẹ fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ hàn án, tí àwọn obìnrin ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà ní Ilé-Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bọ́lájí Campbell ti kọ nínú Painting for the Gods (2008). Òṣogbo kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn: ibẹ̀ ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier ti dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962. Twins Seven-Seven, tó jẹ́ oníjó, bẹ̀rẹ̀ àwòrán ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe níbẹ̀ ní 1964. UNESCO sì fi í ṣe Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005.

Fílẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó. Ó yá, ó sì rọrùn, a kò lè bínú sí oníṣòwò tó yàn án. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kò bá rí iṣẹ́, kò ní gba ọmọ-iṣẹ́, ọ̀nà tí a ń gbà po ọ̀dà tí a sì ń wọn lẹ́tà yóò sì parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, kí òbí àti ọmọ ní ìwé kan. Kí wọ́n ya fọ́tò pátákó kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí wọ́n kọ ọjọ́, àdúgbò, irú iṣẹ́ tó ń polówó, ohun tí a kùn ún sí, àti orúkọ ayàwòrán bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́. Bí wọ́n bá padà dé ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá fílẹ́ẹ̀sì níbi tí pátákó náà wà, kí ọmọ kọ ọjọ́ ìyẹn náà sábẹ́ fọ́tò ti àkọ́kọ́.