Ìkorò Kò Dọ́gba Lẹ́nu Gbogbo Wa

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwa onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ìyá a gbé iyán àti ọbẹ̀ ewúro síwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta a jẹun tẹ́rùn, wọ́n a sì pọ́n ìka lá. Ọmọ kẹrin a di ẹnu pinpin. A ó pè é ní alágídí, a ó ní àkẹ́jù ló ń bà á jẹ́, nígbà mìíràn pàṣán a sì dá sí ọ̀rọ̀ náà. Níbi àsè ìjọ pàápàá, bí àlejò bá rọra ti àwo ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn kan a ní ìgbéraga ló ń ṣe é.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí àwa méjì bá bu òkèlè nínú àwo kan náà, ǹjẹ́ ohun kan náà ni ahọ́n wa ń tọ́ wò? Ó ti lé ní 90 ọdún tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí ìdáhùn sí i. Ìdáhùn náà ni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Eruku Tí Ó Dá Iyàn Sílẹ̀

Ní ọdún 1931, onímọ̀ kẹ́mísírì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arthur Fox wà lẹ́nu iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Ó ń da èròjà kan tí a gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí PTC sínú ìgò, díẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì fẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Noller bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé eruku náà korò lẹ́nu òun. Ẹnu ya Fox, nítorí òun tí ó sún mọ́ èròjà náà jù lọ kò mọ ohunkóhun lára. Àwọn méjèèjì jiyàn, wọ́n sì fi ahọ́n kan èròjà náà fúnra wọn. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó korò lẹ́nu Noller. Kò ní ìtọ́wò kankan lẹ́nu Fox. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ.

Nígbà tí Fox dán èròjà náà wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó rí i pé àwọn tí ó mọ ìkorò rẹ̀ àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wà láàárín àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin, àti láàárín onírúurú ìran. Onímọ̀ mìíràn, Albert Blakeslee, wá dán an wò láti ìdílé dé ìdílé, ó sì rí i pé àjogúnbá ni. Nínú àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, nǹkan bí ẹni 30 nínú 100 ni kò mọ ìkorò PTC. Iye yìí yàtọ̀ láti ìran kan sí òmíràn.

Ohun Tí Ẹlẹ́dàá Fi Sínú Ahọ́n

Ní orí ahọ́n wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-ín-tìn-ín wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba ìtọ́wò. Lára wọn ni a ti rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìkorò, tí irú wọn tó nǹkan bí 25. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní irú èròjà tí ó lè dá mọ̀. Bí èròjà náà bá kàn án, á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé, “Ohun kan korò níhìn-ín.”

Ní ọdún 2003, Dennis Drayna, Un-Kyung Kim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde pé àwọn ti rí jíìnì, èyíinì ni àbùdá àjogúnbá, tí ó ń ṣàkóso ẹ̀ṣọ́ tí ó ń dá PTC mọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni TAS2R38. Ọ̀nà méjì ni jíìnì yìí sábà máa ń gbà wá: ọ̀kan mọ ìkorò náà dáadáa, èkejì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n rárá. Olúkúlùkù wa gba ẹyọ kan lọ́wọ́ baba, ó sì gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí baba bá ní ẹyọ kan nínú oríṣi méjèèjì, tí ìyá náà sì ní bákan náà, àwọn méjèèjì ni yóò mọ ìkorò. Síbẹ̀, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ó ṣeé ṣe ní ìgbà kan nínú mẹ́rin kí ọmọ náà gba oríṣi tí kò mọ ìkorò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, lè yàtọ̀ síra lẹ́nu. Ìka kò dọ́gba, ahọ́n náà kò dọ́gba.

A ní láti fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ohun kíkorò ni ẹ̀ṣọ́ kan yìí ń ṣọ́. Èyí tí ó ń mọ PTC náà ni ó ń mọ àwọn èròjà kan nínú kábéèjì àti àwọn ẹ̀fọ́ tí ó bá a tan. Ìkorò ewúro àti ti kuníìnì jẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí kábéèjì kò korò lẹ́nu rẹ̀ lè máa sá fún ewúro.

Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọdé

Ní ọdún 2005, Julie Mennella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Monell, ní ìlú Philadelphia, dán àwọn ọmọdé àti ìyá wọn wò. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tí ó ní ẹyọ kan nínú oríṣi jíìnì méjèèjì, àwọn ọmọdé ń mọ ìkorò ju àwọn ìyá lọ. Wọ́n sì tún rí ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo òbí fi sọ́kàn: àwọn ìyá tí ahọ́n tiwọn kò mọ ìkorò náà, ṣùgbọ́n tí ọmọ wọn mọ̀ ọ́n, máa ń ka ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí inú rẹ̀ tètè ń ru. Ìyá kò mọ ohun tí ọmọ ń tọ́ wò, ó sì gbà pé ìwà ọmọ ni.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni oògùn àti àgbo. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni a ti ń rọ ọmọ: a ó gbé e lé itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹnu rẹ̀, a ó sì máa da àgbo tàbí ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu bí ó ti ń ké. Àwọn dókítà kìlọ̀ pé omi náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi àṣà yìí sílẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe oògùn pàápàá ti gbà pé ẹkún ọmọ nídìí. Ní ọdún 2009, oògùn ibà Coartem tí ó ń yọ́ nínú omi jáde fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì fi adùn èso ṣẹ́rì bo ìkorò rẹ̀. Bí oògùn bá korò jù fún ọmọ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn bóyá irú èyí tí ó dùn wà. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ odidi abọ́ ẹ̀kọ, nítorí bí ọmọ kò bá jẹ ẹ́ tán, oògùn kò pé nìyẹn. Ẹ má sì ṣe fi oyin bò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Oyin lè fa àìsàn tí ó léwu fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí Tí Ìkorò Fi Wà

Ìkorò jẹ́ ìkìlọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ májèlé inú ewéko ni ó korò. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní èròjà tí ń di sáyánáìdì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún un, kí wọ́n tó yan án ní gàrí. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Orógbó korò, a sì ń jẹ ẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó korò ni oògùn. Àwọn kan gbà gbọ́ pé omi ewúro yóò ṣẹ́gun àtọ̀gbẹ nítorí pé ó korò, ṣúgà sì dùn. Ìkorò ẹnu kò ní agbára bẹ́ẹ̀ lórí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí pa oògùn tí dókítà fún un tì.

A tún ní láti mọ̀ pé àjogúnbá nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí a fẹ́ràn. Ìwé Òwe ti ṣàkíyèsí pé ebi a máa sọ ohun kíkorò di dídùn. Àìsàn a máa yí ìtọ́wò padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àrùn COVID-19 mú ní ọdún 2020 rí i pé oúnjẹ di bí ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu wọn. Bí a bá sì ń fún ọmọ ní ẹ̀fọ́ kan díẹ̀díẹ̀ láìfi ipá, ó lè gba ìgbà mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn á fẹ́ràn rẹ̀.

Ọgbọ́n ìdáná pẹ̀lú ń ṣèrànwọ́. Fífọ ewúro lámọ̀tunfọ̀ ń mú ìkorò jáde. Ẹ̀gúsí àti epo ń rọ èyí tí ó kù. Iyọ̀ díẹ̀ náà ń bo ìkorò mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1997 ti fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ gbójú lé iyọ̀; kí ó túbọ̀ fọ ewé náà ni.

Ohun Tí Èyí Kọ́ Ìjọ

Nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ Ìrékọjá fún Ísírẹ́lì, ewébẹ̀ kíkorò wà lára oúnjẹ náà fún gbogbo ilé (Ẹ́kísódù 12:8). Nítorí náà, a kò lè sọ pé kí a sá fún gbogbo ohun tí ó korò. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò gba ewúro kò ní àwáwí láti kọ gbogbo ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ wà, ṣọkọ wà, ewédú àti gbúre náà wà.

Ṣùgbọ́n àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù tún kọ̀wé sí ìjọ Róòmù, níbi tí àwọn kan ti ń jẹ ohun gbogbo, tí àwọn mìíràn sì ń jẹ ewébẹ̀ nìkan. Ó ní kí ẹni tí ń jẹ má ṣe kẹ́gàn ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì ṣe dá ẹni tí ń jẹ lẹ́jọ́ (Róòmù 14). Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn ni Pọ́ọ̀lù ń bá wọn sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ahọ́n. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn náà bá tábìlì wa mu. Àwọn àgbà wa ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ obìnrin tí ń ṣètò àsè, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ níbi tí agbára bá gbé e. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà pé, “Báwo ni ó ṣe rí lẹ́nu rẹ?” Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ó ń sọ.