Sípíríǹgì àti Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Akẹ́rù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Pààrọ̀ Wọn

Kò sí ẹni tí ó ti wọ ọkọ̀ Toyota Hilux gba ọ̀nà oko lọ sí abúlé rí tí kò ní mọ ohun tí à ń pè ní gálọ́ọ̀pù. Kòtò kan kò tíì tán tí òmíràn yóò fi dé. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń ru ẹrù fún ọdún díẹ̀, ìdí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, imú rẹ̀ a máa wòkè, àwọn èrò ẹ̀yìn a sì máa ráhùn pé ìbàdí ń ro wọ́n. Nígbà náà ni ẹnìkan yóò dá a lábàá pé kí a fi irin kún sípíríǹgì. Àbá yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí, nítorí pé ó lè tún ọkọ̀ ṣe, ó sì lè sọ ọ́ di ewu, gẹ́gẹ́ bí ojú tiwa ti rí i.

Ọkọ̀ Hilux kan ni a fi ń kó ìwé, ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti ẹ̀rọ amúnáwá lọ sí ìgbèríko. Nígbà tí ìdí rẹ̀ wọlẹ̀, a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó mú irin sípíríǹgì tí a yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ó fi wọ́n kún ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Owó tí a san kò tó nǹkan, ìdí ọkọ̀ gbéra sókè, inú gbogbo wa sì dùn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ náà ń padà bọ̀ lófìfo lẹ́yìn òjò. Ó dé kọ́nà kan tí kòtò wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ta sókè, ó yọ̀, ó sì wọ inú gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà. Ọpẹ́ ni pé apá dírẹ́bà nìkan ni ó bó.

Nígbà tí ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà jinlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ohun mẹ́ta ni ó fi hàn wá. Èkíní, sípíríǹgì náà ti le jù fún ọkọ̀ tí kò ru ẹrù. Èkejì, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti jò gbẹ. Ẹ̀kẹta, ọ̀pá kékeré tí ń darí bíréèkì ẹ̀yìn kò tíì rí àtúnṣe látìgbà tí ìdí ọkọ̀ ti ga sí i. Ẹ̀kẹta yìí kọ́ ni ó fa ìyọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń dúró dè wá ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kún fún ènìyàn. Láti ìgbà náà ni a ti ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, ohun tí a sì rí kọ́ ni a tò sílẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ Sípíríǹgì Yàtọ̀ sí ti Ṣọ́ọ̀kì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ kan náà ni sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì àbúsọ́bà ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń ru ọkọ̀ àti ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀. Bí táyà bá gun òkúta, sípíríǹgì a súnkì, kí ara ọkọ̀ má baà fò pẹ̀lú táyà. Bí táyà bá já sínú kòtò, sípíríǹgì a nà, kí táyà lè máa tẹ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí a tẹ̀ tí a sì jù sílẹ̀ kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò máa lọ sókè, yóò máa bọ̀ nílẹ̀, títí agbára inú rẹ̀ yóò fi tán.

Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń dá a dúró. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pá kan wà tí ó ń ti ọ́ìlì gba àwọn ihò tín-ín-rín kọjá. Nítorí pé ihò náà kéré, ọ́ìlì kò lè tètè kọjá, ìdíwọ́ yìí ni ó sì ń gba agbára kúrò lára sípíríǹgì tí ó ń sọ ọ́ di ooru. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná bí a bá rìn jìnnà lórí ọ̀nà amọ̀ pupa tí ojú rẹ̀ ti rí jágajàga bí ojú páànù ìbolé. Bí ooru bá pọ̀ jù, ọ́ìlì a máa hó, a di fóòmù, ṣọ́ọ̀kì kò sì ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáradára títí yóò fi tutù.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì òde òní fi ní gáàsì náítírójẹ̀nì nínú: gáàsì yìí ń tẹ ọ́ìlì mọ́lẹ̀ kí ó má baà tètè di fóòmù. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ó ní agolo méjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì, máa ń fara da ìlù òkúta, nítorí pé bí agolo ìta bá tilẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ ti inú lè máa lọ. Èyí tí ó ní agolo kan ṣoṣo máa ń tètè tu ooru dànù, ṣùgbọ́n bí òkúta bá tẹ agolo náà wọnú, ọ̀pá inú rẹ̀ lè há.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí a bá fi sípíríǹgì tuntun tí ó le sí ara ọkọ̀, tí a sì fi ṣọ́ọ̀kì ògbólógbòó sílẹ̀, agbára tí a kó sínú irin ti pọ̀ ju èyí tí ṣọ́ọ̀kì lè dá dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn.

Bí Abẹ́ Hilux Ti Rí

Ní 1968 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Hilux. Nínú ìran tí ó jáde ní 2004 àti èyí tí ó tẹ̀lé e ní 2015, sípíríǹgì onílílọ́ ni ó wà níwájú, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn ni ó sì wà lẹ́yìn. Ìdí ọ̀rọ̀ ni pé ìtùnú àti ìdarí ni iwájú ń fẹ́, ẹrù ni ẹ̀yìn ń rù. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá sípíríǹgì ti rẹ̀ ẹ́, kí a gbé ọkọ̀ òfìfo sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a wọn gíga rẹ̀ láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ lókè, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí bí irin ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ bí ọrun bá ti nà gbọọrọ láìsí ẹrù, àkókò tó láti pààrọ̀ wọn. Ní ti ṣọ́ọ̀kì, kí a wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀, bóyá táyà ń jẹ ní abala abala, bóyá ọkọ̀ ń mì lọ mì bọ̀ lẹ́yìn tí ó ti kọjá gálọ́ọ̀pù.

Ẹrù Ni Kí A Kọ́kọ́ Wọ̀n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “Sípíríǹgì wo ni ó le jù?” Ìbéèrè náà ni “Kí ni ọkọ̀ yìí ń rù lójoojúmọ́?” Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní sípíríǹgì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún 50 kílò tí a bá gbé lé e. Bí 400 kílò bá jókòó sí ẹ̀yìn, 200 ni yóò kan sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan, ìdí ọkọ̀ yóò sì wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4. Bí a bá wá fi irin kún un títí ó fi di pé 100 kílò ni yóò mú un wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, ẹrù kan náà yóò tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré.

Èyí dára fún ẹni tí ẹrù kì í kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá ṣófo, sípíríǹgì kò ní súnkì tó bí ó ti yẹ. Dípò kí irin gba ìlù òkúta, ìdí ọkọ̀ ni yóò fò sókè, táyà yóò sì fi ilẹ̀ sílẹ̀. Táyà tí kò tẹ ilẹ̀ kò lè fa ọkọ̀, kò lè dá a dúró, kò sì lè darí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ohun èlò wọ̀nyí fi ń ya sípíríǹgì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹrù tí kì í kúrò nínú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé iṣẹ́ ARB ní orílẹ̀-èdè Australia, tí Anthony Ronald Brown dá sílẹ̀ ní 1975, tí ó ń ta sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí a mọ̀ sí Old Man Emu. Ẹni tí ó ń ru ẹrù ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣófo ní ọjọ́ mẹ́fà tí ó kù, kò gbọdọ̀ ra ti ẹni tí ń ru ẹrù ní ojoojúmọ́.

Líle Irin Kò Fi Kún Ẹrù Tí Ọkọ̀ Lè Gbà

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ fi sọ́kàn. Hilux jẹ́ ọkọ̀ tí a ṣe láti ru nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan, ó sì lè dín díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú èyí tí a ní bá ti rí. Ènìyàn wà nínú ìwọ̀n náà. Ènìyàn 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 70 kílò ti jẹ́ 350 kílò. Ẹ̀rọ amúnáwá kan tí ó jẹ́ 100 kílò àti páálí ìwé 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 kílò yóò sọ gbogbo rẹ̀ di 650 kílò, kí ẹnikẹ́ni tó fò sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pé kí a gbé òun dé ìkóríta.

Sípíríǹgì tuntun lè mú kí ìdí ọkọ̀ má wọlẹ̀ mọ́ bí ẹrù bá pọ̀ jù, àrékérekè rẹ̀ sì nìyẹn: àmì tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún wa ti parẹ́. Bíréèkì kò yí padà. Táyà kò yí padà. Ṣásì, èyíinì ni egungun irin tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, kò yí padà, ó sì lè tẹ̀ tàbí kí ó sán. Àní ní Australia níbi tí irú àtúnṣe yìí ti wọ́pọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìwọ̀n tí òfin gbà fún ọkọ̀ rẹ̀ lé sí i gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lábẹ́ òfin. Rírà sípíríǹgì nìkan kò tó.

Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Ga Sí I

Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ga kí abẹ́ rẹ̀ má baà máa ha òkúta. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n. Bí ó bá ti ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, àwọn CV joint iwájú yóò máa ṣiṣẹ́ ní ìtẹ̀sí tí a kò ṣe wọ́n fún, wọn yóò sì tètè jẹ. Ọkọ̀ gíga sì máa ń tètè dojúdé ní kọ́nà.

Ní ti bíréèkì, ọ̀pọ̀ Hilux ni ó ní ọ̀pá kékeré kan lẹ́yìn tí ó ń wo bí ìdí ọkọ̀ ti wọlẹ̀ tó. Bí ìdí bá wọlẹ̀, ó mọ̀ pé ẹrù wà, a sì jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn di táyà mú gidigidi. Bí ìdí bá ga, ó gbà pé ọkọ̀ ṣófo, a sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Bí a bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè láì tún ọ̀pá yìí ṣe, a ti tàn án jẹ: ẹrù kún inú ọkọ̀, bíréèkì ẹ̀yìn sì rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín nípa ọ̀pá yìí kí ẹ tó sanwó.

Bí A Ti Ń Ṣe Iṣẹ́ Náà

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Méjì méjì ni kí a máa pààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a lo bóòtì tuntun fún èyí tí ó tẹ̀ bí lẹ́tà U, tí ó di sípíríǹgì ẹ̀yìn mú. Èyí tí a ti dì lẹ́ẹ̀kan ti nà. Kí a pààrọ̀ àwọn rọ́bà bọ́ọ̀ṣì tí ó ti jẹ, kí a má sì dì wọ́n le tán títí ọkọ̀ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀. Bí a bá dì wọ́n nígbà tí jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ sókè, rọ́bà náà yóò lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, yóò sì ya láìpẹ́.

Sípíríǹgì iwájú lè pa ènìyàn. Agbára ńlá ni ó wà nínú irin tí a fún pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi okùn dè é, irinṣẹ́ tí a ṣe fún un ni kí a lò. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a ṣe aláíǹmẹ́ǹtì táyà, kí a tún iná iwájú ṣe kí ó má baà máa fọ́ ojú ẹni tí ń bọ̀, kí a sì tún gbogbo bóòtì dì lẹ́yìn nǹkan bí 500 sí 1000 kìlómítà.

Àwọn àbùjá kan wà tí ó yẹ kí a yẹra fún. Fífi igi tàbí rọ́bà há àárín sípíríǹgì onílílọ́ kì í jẹ́ kí ó súnkì, ìlù náà a sì lọ bá ṣásì. Fífi iná yọ́ sípíríǹgì láti tẹ̀ ẹ́ a máa ba líle irin jẹ́. Ní ti ṣọ́ọ̀kì tókúnbọ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ iye ọ̀nà tí ó ti rìn.

Bí owó kò bá tó ohun gbogbo, tí ìdí ọkọ̀ kò sì tíì wọlẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tuntun ni kí a kọ́kọ́ rà. Bí ìdí bá ti wọlẹ̀, kí a fi owó pamọ́ títí yóò fi tó sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì pọ̀. Ní àárín ìgbà náà, kí a dín ẹrù kù, kí a sì rọra sáré. Àwa ti yọ irin ọkọ̀ ńlá náà kúrò. Ìdí Hilux wa kò ga bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kó sínú kòtò báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń mì, táyà rẹ̀ a sì tẹ ilẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí wa.